Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fò Nínú Ìwé Jíà

Òórùn ọ́ìlì jíà tó ti gbó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó borí òórùn ẹ̀kọ tí ìyá mi ń rò lórí iná. Nígbà tí mo yọjú síta, ẹsẹ̀ Tọ́ntọ́n Bákàrì, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi, ni mo rí lábẹ́ ọkọ̀ wa. Bàbá mi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń na sípánà sí i.

Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe irú èyí tí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ bàbá mi ń gùn. Tọkọtaya òyìnbó kan ló fi í rìnrìn àjò dé Bouaké, ìlú tí à ń gbé ní ilẹ̀ Ivory Coast, ìrìn náà sú wọn, wọ́n sì tà á. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù kékeré wà níbẹ̀, kọ́tìnì sì wà ní gbogbo fèrèsé. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fi ń kó aṣọ lọ sí ọjà Bodokro àti Brobo. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìyá mi ń to aṣọ sí, ibẹ̀ náà ni àbúrò mi ń sùn. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju ilé wa lọ.

Àmọ́ jíà mẹ́rin péré ló ní, èkejì kì í sì í dúró. Bí a bá ń gun òkè, ìyá mi á fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá jíà mú kó má baà fò kúrò. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ láti Bodokro, ó fò mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Bírékì ló gbà wá. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó pọn àbúrò mi, ó ní: "Bàbá Sílífá, èmi àtàwọn ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ jíà rẹ̀." Ẹsẹ̀ la fi gun òkè yẹn tán.

Tọ́ntọ́n Bákàrì rí jíà onímárùn-ún kan lára ọkọ̀ tó ti kú. Ó gùn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà ó gé ọ̀pá irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn kúrú, ó sì jó irin tuntun mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí jíà náà lè rí ibi jókòó. Ìwé kan bá a wá, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi nìkan ni mò ń lọ sí lekọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé, nínú ilé wa. Bàbá mi na ìwé náà sí mi.

"Sílífá, kà á fún wa. Irú ọ́ìlì wo ni wọ́n ní ká rọ sí i?"

Mo kà á sókè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Mo wá kan ọ̀rọ̀ kan tí n kò rí rí. Gbogbo wọn ń wò mí, inú bàbá mi ń dùn. Mo fo ọ̀rọ̀ náà. Mo ní: "Ọ́ìlì tó ki ni." Wọ́n sì rọ ọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá ti fẹ́ ti ọ̀pá jíà sí ipò, igbe irin lẹ máa gbọ́. Tọ́ntọ́n wo ibi tó gé, ó wo ibi tó jó, ó mi orí. Ó sọ ọ́ ní Dioula, èdè rẹ̀, pé òun á tún tú u sílẹ̀, pé àṣìṣe òun ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bàbá mi nínú yàrá, tó ń sọ fún ìyá mi pé bóyá kí òun wá mẹkáníìkì mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Tọ́ntọ́n ti ń bá wa jẹun.

Mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yẹn tí n kò mọ̀. Mo fò ó ni."

Pàṣán ni mò ń retí. Bàbá mi dìde, ó mú ìwé náà, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sílé tíṣà mi. Tíṣà kà á: ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi nìkan ni kí wọ́n lò, ọ̀rọ̀ tí mo fò ló ní kí wọ́n má rọ èyí tó ki sí i. Wọ́n da ti àkọ́kọ́ nù, wọ́n rọ òmíràn. Ni jíà bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bákàrì, má bínú," ni bàbá mi wí. "Mo ti fẹ̀sùn kàn ọ́ lọ́kàn mi, o ò sì jẹ̀bi." Èmi náà bẹ̀ ẹ́.

Tọ́ntọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Ọmọ Anago, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwọ ò mọ̀ níbẹ̀. Èmi ò mọ ọ̀kankan."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní: "Abéèrè kì í ṣìnà, Sílífá. Ta ló ní kó o mọ gbogbo rẹ̀?"

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa la jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Brobo.

Fámásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bouaké báyìí, mò ń ṣàlàyé ìwé oògùn fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan mú ìwé dókítà wá, ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ò sì yé mi. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní: "Màmá, ẹ jókòó díẹ̀. Èyí ò yé mi, ẹ jẹ́ kí n bèèrè." Ó jókòó, ó sì ṣàdúrà fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà mẹ́ta tí wọn ò nà mí lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́. Ojú ṣì máa ń tì mí tí mo bá fẹ́ sọ pé n kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ti ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà tí mo ka ìwé jíà yẹn. Òun fò ó. Èmi ń sọ ọ́.