Ìwé Ọkàn Ọ̀gá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ èyí. Ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Irun dídì lọwọ́ mi mọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti kọ́ṣẹ́ onídìrí. Ó ku díẹ̀ kí n gba fíríìdọ̀mù nígbà tí òòyì kọ́ ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì sìn ín lọ sí ọsibítù. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí ìwé. Kí nọ́ọ̀sì tó parí ọ̀rọ̀, ọ̀gá mi ti jáde lọ dá ọ̀kadà dúró. Èmi ni nọ́ọ̀sì wá sọ ọ́ fún, ó sì kó ìwé náà lé mi lọ́wọ́ kí n bá a mú un lọ.

"Ìlà yìí ò lọ bó ṣe yẹ. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn wọn ti bàjẹ́ o. Àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá rí báyìí, àìsàn ọkàn lè tètè mú un ju àwọn yòókù lọ. Kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ náà dé, ọ̀gá mi ò mira. Mo rọra sọ ọ́ sí i létí.

"Àǹtí mi, wọ́n ní kí ẹ padà wá o. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ọkàn lè..."

Ó sọ kóòmù bà mí lójú.

"Ikú mi lò ń wá! Kó o lè jogún ṣọ́ọ̀bù mi, àbí?" Ó kọjú sí àwọn oníbàárà. "Ẹ bá mi wo dókítà tó dúró ní ìwé karùn-ún!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn na àyà sí mi. "Dókítà, ẹ bá mi gbọ́ tèmi náà. Ọkọ ọlọ́kọ ló ń lù kìkìkì fún!"

Ọ̀gá mi ní èpè ni mo ṣẹ́, àfi kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo kúnlẹ̀ sórí irun tí a gé sílẹ̀. Ó ní kí n máa wí i títí ohùn mi á fi dé títì: "Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ̀gá mi." Wọ́n ń ṣe àmín. Ọ̀gá mi na ìka sí mi, òógùn ti bo ọrùn rẹ̀.

"Fíríìdọ̀mù rẹ? Gbàgbé ẹ̀."

Ó fa ìwé ọsibítù náà yọ nínú báàgì rẹ̀, ó rún un, ó sì jù ú sínú pàǹtí. Mo ṣà á nígbà tí mò ń gbálẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo fọwọ́ tẹ́ ìwé náà títí tó fi gún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín dígí ńlá tí gbogbo oníbàárà máa ń kọjú sí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé kí ọ̀gá mi padà sí ọsibítù. Mo kó kóòmù mi, mo tilẹ̀kùn, mo ti kọ́kọ́rọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀, mo sì wọ mọ́tò lọ bá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.