Ẹran Inú Ewé láti Àrándùn

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé wọn ní Àrándùn, omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà kò tíì gbẹ tí ó fi gbá ọwọ́ mi mú, tó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, tó sì sọ lójú gbogbo obìnrin ilé pé, "Ọwọ́ ṣọ́ọ̀kì tíṣà rèé, kì í ṣe ọwọ́ ọbẹ̀. Ebi ni yóò pa àbúrò mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàwó kì í bínú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí mo bá rí i, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i títí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni n ó máa pè é.

Mo bímọ, mo tọ́ wọn, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í rù ní Ọ̀mù-Àrán níbi tí a ń gbé, àfi bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń retí rẹ̀. Ọkọ mi kò sì ṣàì jẹun. Á jẹ iyán tán, á tún máa bèèrè ohun tó ṣẹ́ kù sí ìdí ìkòkò. Síbẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń sọnù sínú ẹ̀wù, inú sì ń run ún.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sìn. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan, òun gẹ́gẹ́ bí àgbà obìnrin ilé ló ń gé ìpín ọmọ ìyá rẹ̀ kí ọ̀bẹ ẹlòmíràn tó kàn án. Á yan án díẹ̀, á fi ewé dì í, á gun ọ̀kadà, á sì gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí n tú u rí. "Ìyàwó, èyí kì í ṣe ti ọbẹ̀ rẹ o. Bó bá dé ìkòkò rẹ, á di igi."

Níkẹyìn ó kó àwọn ẹbí jọ sí pálọ̀ wa. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, òun yóò wá kó ẹrù àbúrò òun lọ sí Àrándùn, kí ó lè máa rí oúnjẹ jẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Lọ́jọ́ ogbó mi, wọ́n fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi bí ẹni gba àwo lọ́wọ́ ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ká aṣọ ibùsùn, mo rí ohun funfun pẹlẹbẹ kan. Mo rò pé hóró ẹ̀gúsí ni. Mo fẹ́ ṣà á dànù, ó sì sún fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni ìwé tí mo kà dé bá mi. Mo lọ tú ewé ẹran tó kẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá, mo la ẹran náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, wóró funfun sì há sínú rẹ̀ káàkiri bí ìrẹsì.

Dókítà fún ọkọ mi ní oògùn aràn. Mo ní kó lo póò. Ohun tó jáde, mo fi omi ṣàn án, mo dà á sínú bàsíà búlúù, mo sì jókòó tì í.

Àìmọye ìgbà ni mo ti ya aràn yìí sí pátákó, n kò mọ̀ pé n kò tíì rí i. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ara rẹ̀ sì ń fẹ̀ bọ̀ títí ó fi dà bíi téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Bí a bá nà án, yóò ti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé. Kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò ní ikùn. Awọ ara ló fi ń jẹun. Inú oúnjẹ ẹlòmíràn ló ń dùbúlẹ̀ sí. Oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni akọ, òun náà ni abo. Kò fẹ́ ọkọ, kò sì ní ẹ̀gbọ́n ọkọ. Èèyàn a yàgbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹyin rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ a jẹ ẹ́, a di wóró nínú ẹran, a máa dúró de eyín èèyàn. Kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ti Àrándùn dé Ọ̀mù-Àrán. Ọlọ́run tó dá a kò fi í ṣeré. Mo gbàgbé ìríra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbínú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì. Mo mú un lọ síbi bàsíà.

"Kí rèé?"

"Àlejò yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ fi ewé dì í wá." Mo fi wóró inú ẹran hàn án.

"Wóró yìí? Ọ̀rá ni! Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹun yó ló ń ní in. Ìyá wa gan-an, èyí ló máa ń ṣà fún àbúrò mi láti kékeré."

"Aràn ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ èyí tó wà nínú bàsíà ni."

"Èèpo iṣu ni mò ń fún ẹlẹ́dẹ̀ mi."

"Èèpo iṣu, àti ohun tí ẹ̀ ń yà sí ẹ̀yìnkùlé."

Ọkọ mi fọhùn láti orí àga rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé báàgì yín. N kò ní lọ síbì kankan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà náà, ó fi ojú tọ aràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Láti ọjọ́ omi ẹsẹ̀ yẹn ni mo ti ń dúró de "má bínú" kan ṣoṣo. Ó ká báàgì rẹ̀ sí abíyá, ó wò mí lójú.

"Ìyàwó," ó ní, "ohun tó gùn tó báyìí, tó sì sanra tó báyìí. O mà ń fún àbúrò mi lóúnjẹ lóòótọ́."