Ìdérí Kọ́ọ̀pù Tí Bàbá Mi Ò Lè Ṣí

Ó ti rẹ̀ mí lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ìdérí kọ́ọ̀pù tí mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí, èyí tó ń bo ojú ibi tí a ti ń mu tíì kí eruku má baà bà lé e, ni mo fi dé kọ́ọ̀pù tíì tí mo gbé fún bàbá mi nínú takisí láti Bódìjà.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ni wọ́n bá fi eyín fà á.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má fi eyín ṣí i, torí ìdọ̀tí ni mo ṣe ṣe é."

Wọ́n ní, "Ó mọ́ lóòótọ́, ọmọ mi. Àmọ́ òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Ọwọ́ ìdọ̀tí tí mo fi di ilẹ̀kùn takisí mú náà ni èmi fúnra mi fi bá wọn ṣí i.

Màá tún un ṣe. Ẹ̀yin tí àgbà wà lọ́dọ̀ yín, irú ìdérí wo lọ́wọ́ wọn ń ká?