Ẹ̀fọn Tí Mo Bá Òyìnbó Lọ Wò

Kí n tó sọ bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Òyìnbó kan tó ń wo ẹran sàn dé sí Ìlọrin wa. Ó ti kọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ló fi ń pe gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò ru àpò òun, tí yóò sì ṣe ògbufọ̀, nítorí òun fẹ́ lọ wo ẹfọn kan tó kú ní Ìdí-Osè. Ẹ̀fọn ni mo gbọ́, èyí tó ń kùn létí. Àwọn òyìnbó kúkú ti da omi ìkòkò wa nù títí nítorí ẹ̀fọn, n kò sì bèèrè mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ọdún méjì kọ́ nílé ìwé tó fún ẹ̀fọn.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Rábí, ẹ̀fọn yàrá wa kò tó wọn wò ni?”

A kírun àsúbáà tán, a gba ẹ̀yìn Ọjà-Ọba jáde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Òyìnbó wà lórí ẹṣin, èmi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀nà náà dára títí oko iṣu fi tán. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko ga ju ẹṣin lọ. Lọ́dọ̀ obìnrin Fúlàní kan, kọ́bọ̀ kan ra wàrà mẹ́ta. Méjì ni wọ́n ń tà á nílé. Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni òyìnbó ti ki ìbọn.

Mo ní, “Ọ̀gá, ìbọn fún ẹ̀fọn?”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ìwo sí orí rẹ̀. Wàrà dúró sí mi lọ́fun. Ẹfọ̀n ni, ẹfọ̀n oníwo; ọ̀kan kú, àwọn yòókù ṣì wà nínú koríko. Wàláhì, bí mo bá dá ọ̀nà ilé mọ̀ ni, ǹ bá ti padà.

Ìjà la bá ní Ìdí-Osè. Ẹfọ̀n kú sétí odò abúlé náà, àwọn ará ibẹ̀ ní àìsàn màlúù Fúlàní ló pa á. Baálẹ̀ ti ní kí màlúù kankan má mu níbẹ̀ mọ́ títí òyìnbó yóò fi wí tẹnu rẹ̀. Olórí gàá, tí àwọn Fúlàní ń pè ní Árùdó, bu kòsàm fún mi, ìyẹn omi ọmú màlúù lédè wọn. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, ọjọ́ kẹta rèé tí màlúù mi ń rin ìdajì ọjọ́ lọ sódò mìíràn. Àwọn ọmọ wọn ti ń ṣubú lọ́nà. Sọ fún un kó yára.”

Ọdẹ abúlé náà ló ń pariwo jù. “Ẹran igbó wa kò ṣàìsàn rí kí màlúù tó dé. Kí òyìnbó lé wọn.”

Árùdó ní, “Ṣé ẹran igbó máa ń wá sọ fún ọ tí ara rẹ̀ kò bá yá ni?”

Òyìnbó ní òun yóò fúnra òun sọ̀rọ̀. “Mo wa wo ẹfọn.”

Obìnrin kan ní, “Ẹ máa kó wọn lọ, ọ̀gá. Ilé wa kún fún wọn.” Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, Árùdó pàápàá.

Létí odò, òyìnbó ní kí n di ìwo òkú ẹran náà mú. Bó ṣe ki ọ̀bẹ bọ ikùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde pẹ̀lú ariwo. N kò mọ bí mo ṣe dórí igi osè. Igi náà kò sì lẹ́ka nísàlẹ̀.

Láti òkè ni mo ti ṣògbufọ̀. Òyìnbó ní tó bá jẹ́ àìsàn màlúù ni, egbò ì bá kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó wá fa nǹkan dúdú kan yọ nínú egbò tó ti kẹ̀ ní ìhà rẹ̀: ọta ìbọn ṣakabùlà. Ìbọn kan ṣoṣo ló wà lábúlé náà. Gbogbo ojú yí sí ọdẹ.

Ó rọra ní, “Mo rò pé n kò bà á ni.”

Baálẹ̀ ní kí màlúù wá mumi. Òyìnbó ní kí wọ́n sun òkú ẹfọ̀n náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Kí iná tó ràn, itan kan ti dàwátì.

Màlúù kún abẹ́ igi mi, ìwo lọ́tùn-ún, ìwo lósì. Árùdó ló gbé àkàbà wá. “Sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́. Tèmi kì í jẹ ògbufọ̀.”

Ọjọ́ kejì la wọ Ìlọrin, kí wọ́n tó pe ìrun àlàásárì. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé kí n máa bèèrè bóyá nǹkan ní ìwo kí n tó gba iṣẹ́.

Ìyàwó mi ní, “Ẹ̀fọn náà ńkọ́?”

“Ó tóbi.”

Ó wo orúnkún mi tó bó. “Mo rí ibi tó ti jẹ yín.”