Fíìmù Tó Gba Ipò Kìn-ín-ní Lọ́wọ́ Àǹtí Mi

Ní ilé àǹtí mi ní Súrùlérè, a kì í kàn sọ pé fíìmù dùn tàbí pé kò dùn, ká sì dìde lórí àga. Máàkì la máa ń fún un. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá. Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Èbúté nítorí pé Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, ló ń kọ́ kíláàsì tó kángun sí ti Àǹtí ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, tí kò sí ìwé ọmọ kankan tí wọn yóò fi bírò pupa ya mọ́, wọ́n yíjú sí àwọn òṣèré àti àwọn olórin. Àwọn yẹn rí màbo.

Sátidé tó bá kẹ́yìn ọdún ni ọjọ́ èsì. Mọ́mì Èbúté á ti dé láti ọ̀sán pẹ̀lú kéèkì nínú ike, èmi akọ̀wé á ṣí ìwé, a ó sì to gbogbo fíìmù tí a wò lọ́dún náà láti ipò kìn-ín-ní dé ìkẹwàá. Lẹ́yìn náà, ó kan àwo orin. Máàkì nìkan kò tó. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ tíṣà lábẹ́ èsì rẹ̀. Fíìmù kan tí gbogbo Èkó ń pariwo nígbà kan gba: "Ó lórí pípé, ṣùgbọ́n eré ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀." Àwo orin kan tí ìlù rẹ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹni tó ń kọrin gba: "Ó máa ń pariwo ní kíláàsì. Kí òbí rẹ̀ wá rí wa."

Èmi náà máa ń mú tèmi wá. Lọ́dún kan, mo ní kí wọ́n fi ọmọkùnrin kan tí àwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí ipò kìn-ín-ní.

"Ìwọ tó o ti lé láàádọ́ta ọdún!" Àǹtí ní. "Ọmọ tó ń kọrin bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀?"

"Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn báyìí."

"Kí wọ́n jẹ iṣu náà tán kí wọ́n tó wọ sítúdíò," Mọ́mì Èbúté dá sí i. Ipò kẹsàn-án ni wọ́n fi ọmọlọ́mọ sí.

Ó tó ọdún mẹ́fà tí ojú Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àrùn náà kò dé lójijì. Ńṣe ló ń jí ìríran wọn gbé láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì, títí tó fi kó àárín náà lọ. Orin kò yọ wọ́n lẹ́nu. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, etí wọn sì mú ju tèmi lọ. Fíìmù ni wàhálà. Wọ́n á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹnu bá ti pa, tó ku ohùn orin nìkan, wọ́n á tẹ orí sọ́dọ̀ mi: "Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Ìgbà yẹn ni èmi á wá ròyìn. Ìyàwó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Àǹtí. Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Sátidé lẹ́yìn Sátidé ni mo fi ń ti ilé mi ní Yábàá lọ ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò sì ní purọ́, ó ń wù mí. Wọ́n sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé ara mi ni ojú àwọn wà. Èmi náà gbọ́, orí mi sì wú.

Ọjọ́ tí mo ba iṣẹ́ náà jẹ́, òjò ọdún ń parí lọ. Fíìmù náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti jìyà tó lọ́wọ́ mi. Ìtàn ìyá kan ni, tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀ tí kò ránṣẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá náà á gbé àga síta, á jókòó kọjú sí títì. Fíìmù náà falẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lórí fóònù mi, àwọn tí a jọ ṣe ilé-ìwé gíga ti ń jà sí àwo orin tó yẹ kó ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́dún náà, ẹnì kan sì ti bú ọmọ oníṣu gbígbóná mi. Ṣé kí n dákẹ́? Orí mi wà nílẹ̀, mò ń tẹ èsì bọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, mọ́tò kan dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ó pa dé. Orin bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló dé?" Àǹtí bèèrè.

Mo gbójú sókè fìrí. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì lọ́wọ́, ó ń rìn bọ̀ sọ́dọ̀ ìyá náà.

"Ọmọ ẹ̀ ti dé!"

"Ó dé?" Àǹtí na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó dé! Olúwa, o ṣeun o. Ó dé!" Omi ti bọ́ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo padà wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe ọmọ náà. Àjèjì ni. Ó gbé báàgì náà fún ìyá, ó dorí kodò, ó padà sínú mọ́tò. Ìyá náà gbé báàgì wọlé, ó jáde wá gbé àga náà wọlé pẹ̀lú, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó parí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí, mo ṣìwò," gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi etí ìró nu ojú, wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé ó dọ̀bálẹ̀?" Mo ní ó dọ̀bálẹ̀. "Ṣé ìyá mọ̀ ọ́n?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀, ó ti mọ ìrìn rẹ̀. Tí wọ́n bá fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ǹ bá gbé ìyàwó àti ìbejì sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa Mọ́mì Èbúté, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tóbi tó. Àkọ́bí wọn ọkùnrin gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó ní òkè òkun lòun ń lọ. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pè mọ́, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kì í dárúkọ rẹ̀ láàárín ara wọn.

Àǹtí kò tíì nu ojú tán tí wọ́n fi ní kí n bá wọn pe Èbúté Mẹ́ta. "Ọ̀rẹ́," wọ́n ní, "fíìmù kan wà tó o gbọ́dọ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni. Ó máa kọ́kọ́ bà ẹ́ nínú jẹ́, àmọ́ wò ó dé ìparí. Mo bẹ̀ ẹ́, dé ìparí." Èmi ni mo di fóònù náà mú sí wọn létí. Mo fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ̀pà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Mọ́mì Èbúté kò gbé ìpè mọ́. Tí a bá pè, ọmọbìnrin wọn ló ń gbé e: wọ́n ń sùn, wọ́n wà nílé ìwẹ̀, wọ́n lọ sí ìpàdé. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni Àǹtí fi Mọ́mì mi ṣe?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n wo fíìmù kan tí Àǹtí ní kí wọ́n wò. Láti ọjọ́ yẹn, tí fóònù bá ti dún tó jẹ́ Àǹtí, wọ́n á dìde kúrò ní pálọ̀. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́."

Mo ní, "Fi í lé mi lọ́wọ́. Màá bá wọn sọ ọ́." Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Mo kà á sí pé inú ń bí Mọ́mì Èbúté ni, pé wọ́n rò pé ọ̀rẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, àti pé ìbínú àgbàlagbà kì í pẹ́ rọlẹ̀. Bí mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sùn lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mi ò sì sùn dáadáa.

Sátidé ìkẹyìn dé. Kò sí kéèkì. Àǹtí wọ aṣọ, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n máa kọ. Fíìmù tó ṣe ipò kìn-ín-ní: máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ tíṣà: "Ọmọ rere. Ó mú inú wa dùn." Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó hàn, nítorí Ọ̀rẹ́ ni yóò kà á jáde. Aago mẹ́ta lù. Aago mẹ́rin lù. Àǹtí pa ọwọ́ pọ̀ lórí ẹsẹ̀.

"Òtítọ́ ni kó o sọ fún mi," wọ́n ní. "Ọ̀rẹ́ mi ti kú, àbí? Ẹ kàn ń fi pamọ́ fún mi ni. Àwọn èèyàn máa ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tí kò ríran."

"Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà láàyè. Èmi ni mo dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

"Ìwọ báwo?"

"Ọmọ yẹn ò dé, mà."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ inú fíìmù. Kò dé. Ẹlòmíì ló gbé báàgì ẹ̀ wá."

Wọ́n yíjú sí mi. Ojú náà kò rí mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Báàgì nìkan?"

"Báàgì nìkan."

"Mo sì ní kó wò ó dé ìparí." Wọ́n dìde, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. "Bàtà mi dà?"

Ní Èbúté Mẹ́ta, Mọ́mì Èbúté jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn dúró. Wọn kò kí wa. Wọ́n kàn ń wo ẹnu Àǹtí bí ẹni pé ìbọn wà níbẹ̀.

"Ọ̀rẹ́," Àǹtí ní, "ọ̀daràn ni mo mú wá."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ikùn mi ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Àyà mi tẹ̀ lé e nígbà tó rí àyè. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó láti orí dé ìdí: fóònù, àwo orin, ọkùnrin tó gbé báàgì, ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dọ̀bálẹ̀.

Àǹtí ni Mọ́mì Èbúté bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

"Ìyẹn ni pé o ò gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ mi?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

"Mo rò pé ẹnì kan ti wá sọ fún ẹ ni. Mo ní, Ọ̀rẹ́ ò lè là á mọ́ mi lójú, ló ṣe fi fíìmù túfọ̀ fún mi. Kí n kọ́kọ́ rí báàgì, kó tó wá sọ ìyókù. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi gbé ìpè. Mo ní bí mi ò bá gbé e, kò tíì kú tán."

Mo ṣì wà nílẹ̀. Mo ti rò pé ìbínú ni. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ yẹn, ní bòókẹ́lẹ́, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti kí wọn kú ọ̀fọ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," Àǹtí ní, wọ́n ń na ọwọ́ wá ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn. "Tí mo bá gbọ́, ẹnu mi lo máa ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu tẹlifíṣọ̀n." Ọwọ́ wọn gbá àwo, ẹ̀wà tú sílẹ̀ yàà. Kò sẹ́ni tó wò ó. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà níbi tí mo wà.

Ó ṣe díẹ̀, Mọ́mì Èbúté fẹ imú. "Ìwọ náà, Tíṣà! Pẹ̀lú gbogbo ọmọ tó o kọ́, o ò dá ohùn ọmọ tó ń parọ́ mọ̀?"

"Ohùn ẹ̀ dùn ni."

"Wọ́n máa ń dùn." Wọ́n yíjú sí mi. "Dìde, kò sẹ́ni tó ní kó o fi àyà nulẹ̀ fún wa. Ẹ̀wà wà lábẹ́ àga yẹn."

Nígbà tí à ń padà sí Súrùlérè nínú mọ́tò, a kọjá Yábàá. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí bi mí pé, "Yàtọ̀ sí eléyìí, ṣé òmíràn wà?"

"Rárá, Àǹtí. Ìyẹn nìkan ni."

"Ó dáa," wọ́n ní, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi ní apá.

Òmíràn wà. Ìyàwó kan wà tí mo ní ó rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò rẹ́rìn-ín, mo kàn rò pé ó yẹ kó rẹ́rìn-ín ni. Ilé kan jóná nínú fíìmù míì, mo ní wọ́n pa iná náà, nítorí ọjọ́ yẹn ara Àǹtí kò yá. Ìgbájú kan wà tí mo sọ di ọwọ́ lórí èjìká. Mo ní nǹkan kékeré ni wọ́n. Báàgì yẹn náà, ìṣẹ́jú kan péré ni.

Àǹtí ti gbọ́ pé mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá parí, kí n wá kà á fún àwọn, kí Ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ yóò kàn gbọ́ ni. Jígí tí wọ́n fi ń kàwé ti fọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni a dá. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá kà á dé ibí yìí.