Ọkọ̀ Marusia Tí Ara Rẹ̀ Máa Ń Yá Ní Ṣọ́ọ̀bù

Orest Hnatiuk kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó tú katakata bàbá rẹ̀ palẹ̀ nínú oko wíìtì wọn ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, ó sì tò ó padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Láti ọjọ́ náà, ogójì ọdún ó lé mẹ́ta, bí ọkọ̀ bá sín ní ìlú kejì, Orest nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Canora ti mọ pulọ́ọ̀gì tó ń ṣe é.

Àfi ọkọ̀ Marusia, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré alágbára ni, tọ́bò ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Òun ni Marusia fi ń gbé ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Metro lọ sí ìlú Yorkton lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí otútù ibẹ̀ máa ń le jù, lórí eré, agbára ọkọ̀ náà ṣàdédé tán. Ó mí gúlegúle, ó kú. Kó tó tún sitáàtì, ogun ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ́ ọ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Orest tì í sínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù onígi tó ń mú ibẹ̀ móoru. Tó bá di ọjọ́ kejì, á sitáàtì lójú ẹsẹ̀, á máa fò bí ẹtu. Omi ni Orest bá lára pulọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ wọn, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. Bó bá tún kú, ẹ pe èmi náà lókùú."

Ní Ọjọ́bọ̀, otútù mú débi pé itọ́ ń di òkúta kó tó kanlẹ̀. Ọkọ̀ kú sójú títì, Metro sì wà nínú rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí awakọ̀ tó ń kó òjò dídì kúrò lọ́nà tó rí wọn. Ètè Metro ti dà bí aró nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù.

Marusia já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Orest! Ṣé o fẹ́ sọ mí di opó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni? Ẹnu rẹ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ! Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ tún fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé kí n gbé e pọ̀n ni?"

Níta, awakọ̀ tó wọ́ ọkọ̀ wá ti fẹ́ tì í wọlé bí ti tẹ́lẹ̀. Orest wo sítóòfù tó ń jó.

"Ẹ má gbé e wọlé! Inú ooru yìí ni àìsàn rẹ̀ ti ń sá lọ!"

Ó sáré jáde, ó sùn gbalaja sórí òjò dídì, ó sì tú róbà oníhò tó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀ kékeré tó ń mú kí atẹ́gùn tọ́bò tutù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Yìnyín kan yọ jáde, ó jábọ́ sí i láyà: ó nípọn tó apá àgbẹ̀, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò.

"Èyí ló dí i lọ́fun," Orest sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń yọ́. Omi rẹ̀ ni mo rí lára pulọ́ọ̀gì. Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mú ọkọ̀ gbóná láàárọ̀?"

"Mo máa ń sitáàtì rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kó lè móoru fún Metro."

"Tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan báyẹn, nínú otútù yìí, omi inú èémí ẹ́ńjìnnì ló ń di yìnyín sínú rédíétọ̀ kékeré yẹn."

Marusia jókòó lulẹ̀ nínú òjò dídì. "Èmi? Èmi ni mo fẹ́ pa á?"

"Rárá o. Èmi ni mi ò bi yín léèrè."

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ni Orest fi mú ẹ́ńjìnnì gbóná láìsitáàtì rẹ̀. Ó so páálí mọ́ iwájú rédíétọ̀ kí atẹ́gùn tútù má bàa wọ̀ ọ́, ó sì wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ kú sí ní Ọjọ́bọ̀. Eré ló ń sá lọ.

"Orest," Metro pè é látẹ̀yìn, "ṣé wọ́n gé ahọ́n rẹ ni? Láti ilé, o ò tíì fọ́nnu kankan."

Nínú ọgbà ọsibítù, kí Orest tó bá wọn sọ̀ Metro kalẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ sórí òjò dídì, ó tú róbà, ó ti ìka bọ̀ ọ́.

Inú róbà náà gbẹ. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.