Àbàwọ́n Tí A Lọ̀ Mọ́ Aṣọ

Bí ẹ bá gbé aṣọ tó ní àbàwọ́n dé ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀, ẹ má ṣe parọ́ fún un. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé, "Kí ló dà sí i lára?" Ẹ̀jẹ̀ ni o, epo ni o, tíì ni o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Omi tútù ló ń ṣí ẹ̀jẹ̀ kúrò, omi gbígbóná ló ń ṣí epo. Bí ẹ bá tàn án jẹ tó fi omi gbígbóná bọ ẹ̀jẹ̀, tó sì lọ aṣọ náà, ó parí, àbàwọ́n yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó máa ń bú oníbàárà tó bá ń kálòlò: "Ṣé èmi ni ọlọ́pàá ni? Aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀, mi ò fẹ́ tì yín mọ́lé!"

Obìnrin yìí kan náà ló jókòó síwájú dókítà, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè, tó sì parọ́ láìṣẹ́jú.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbé lọ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé ó tín-ín-rín láti kékeré, nígbà tó sì tún lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, orúkọ náà kúkú lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Alágbàfọ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ohun tí Abẹ́rẹ́ mọ̀ ni pé ìyá òun kú nígbà tí òun ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Irọ́ gbáà ni. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ni orí obìnrin náà dàrú, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó jìnnà. Ibẹ̀ ló wà títí ọmọ rẹ̀ fi di ọlọ́mọge, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Alágbàfọ̀ nìkan ló ń lọ wò ó. Bó bá ti ń lọ, á ní òun ń lọ ra ọṣẹ. Ó gbà pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ wèrè, ló bá pa ẹnu mọ́. Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu bá a wí tán. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó gbé ìyàwó.

Abẹ́rẹ́ rí ọkọ gidi fẹ́, awakọ̀ tírélà tí kì í gbélé. Yàrá tí wọ́n gbà fẹ̀yìn ti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni ayùn á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìyẹ̀fun igi á sì wọlé bà lé ìrọ̀rí. Inú yàrá yẹn ló bímọ sí. Ọmọ ń ké, ayùn ń ké. Bí ọmọ bá sùn, Abẹ́rẹ́ á tún fa ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ra, torí aṣọ oníbàárà ti kún ilẹ̀. Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àfi ògiri. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́, omijé ni ṣáá. Ó ní ọmọ náà ń wo òun bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn nìyẹn, òun, Alágbàfọ̀, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ lọ́wọ́.

Dókítà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù, béèrè pé, "Mà, ṣé ẹnì kankan nínú ìdílé yín ti ní irú èyí rí, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ?"

Ìyá ọkọ yí ọrùn. Alágbàfọ̀ rí ọrùn yẹn, ó sì yára dáhùn.

"Nínú ìdílé tiwa kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò sí o."

Dókítà fún Abẹ́rẹ́ ní oògùn tó ń lé ìbànújẹ́, wọ́n sì lọlé.

Omijé gbẹ lóòótọ́. Ẹ̀rín ló kù. Abẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, kò sùn rárá. Ó gé gbogbo ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó fi rán aṣọ ọmọ, aṣọ tí ọmọ náà ò lè wọ̀ títí yóò fi lọ síléèwé. Ìyá ọkọ ní, "Oògùn yẹn mà ṣiṣẹ́ o!" Alágbàfọ̀ ní àmín. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rín yẹn. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín gẹ́lẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ nìyẹn. Ó mú Abẹ́rẹ́ àti ọmọ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni pé ojú tó ń ṣọ́ni lè ṣe iṣẹ́ oògùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń sá aṣọ ibùsùn sórí okùn nígbà tó gbọ́ orin lẹ́yìn ilé. Ó yọjú. Abẹ́rẹ́ dúró síwájú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun, omi ń hó yàà nínú rẹ̀. Ó ti bọ́ ọmọ síhòòhò.

"Àǹtí, ó dọ̀tí," ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Wọ́n ní kí n sè é kó funfun."

Alágbàfọ̀ ò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Ó já ọmọ gbà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ìkòkò, omi bó o lápá. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ. Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra.

Wọ́n tún dé iwájú dókítà. Wọ́n ti gún Abẹ́rẹ́ lábẹ́rẹ́, ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ìyá ọkọ tó sáré dé náà wà níbẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó jọ pé ìbànújẹ́ yẹn ló ń le sí i, màá fi kún oògùn yẹn," ni dókítà wí.

"Ẹ má fi kún un," ni Alágbàfọ̀ dáhùn. "Ó ṣe ìyá rẹ̀ náà. Ìyá tó bí i. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Mo parọ́ fún yín."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Mà, oògùn tí mo fún un máa ń mú kí orí ẹni tó ní irú àìsàn yìí túbọ̀ dàrú. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní fún un."

Ìyá ọkọ dìde. "Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jogún ẹ̀ tí kò ṣe wọ́n rí títí wọ́n fi darúgbó. Ìbímọ, àìsùn, ariwo ayùn tí ẹ sọ yẹn, òun nìkan nínú yàrá, àwọn ló jí i. Bó bá rí oògùn tó yẹ, tó sì ń sùn, ara rẹ̀ lè yá."

Ìlàjì ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá ọkọ gbọ́. Ó pọn ọmọ, ó so ọ̀já pinpin. "Ẹ tàn wá jẹ," ló wí fún Alágbàfọ̀. "Ẹ rí ọmọ yìí? Ẹ ò ní rí i mọ́." Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú apá bíbó, bẹ́ẹ̀ òun lẹ̀gbọ́n. Obìnrin náà yẹra fún un, ó sì lọ.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ padà wọlé, Abẹ́rẹ́ ń wò ó. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Àǹtí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ń lọ ra ọṣẹ..."

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ."

"Ṣé ó máa ń béèrè mi?"

Irọ́ tó dùn wà lẹ́nu Alágbàfọ̀, ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó wo apá rẹ̀.

"Ó ń béèrè ẹ. Ó ń béèrè débi pé ó fo fèrèsé nítorí ẹ, ó fẹ́ sá wálé. Mo bá sọ fún un pé o ti kú. Kò béèrè mọ́."

Abẹ́rẹ́ ò sunkún. Ó na ọwọ́ tín-ín-rín rẹ̀, ó di aṣọ Alágbàfọ̀ mú.

"Lọ́la, bí mo bá béèrè ọmọ mi," ló wí, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó kú."